Ohùn Agbẹ́kànga

Aránṣọ wà lórí ìkúnlẹ̀, abẹ́rẹ́ kan lọ́wọ́, mẹ́ta lẹ́nu, ó ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọkùnrin gíga kan, nígbà tí ọkùnrin náà lanu sọ̀rọ̀ lókè orí rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó kúrú jù."

Abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gún ọkùnrin náà lọ́rùn ẹsẹ̀.

"Yéè!"

"Ìwọ ni!" Aránṣọ ti tu abẹ́rẹ́ ẹnu dànù. "Ìwọ lo sun ilé ìyá arúgbó yẹn lọ́jọ́ Ẹtì!"

"Ẹnu mi ló sun ún. Èmi ò tilẹ̀ ní ìṣáná." Ìdáhùn tó ti fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Eré kan wà lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà náà, tí wọ́n ṣe nílẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n wá fi ohùn èdè wa sí. Ayé ti parun nínú rẹ̀, ìlú ti dahoro, Agbẹ́kànga sì ń wá omi fún àwọn tó ṣẹ́kù. Ohùn oníṣòkòtò yìí ni ohùn Agbẹ́kànga. Aránṣọ àti màmá rẹ̀ kì í pa á jẹ. Nígbà tó di apá kejì, wọ́n pa àbúrò Agbẹ́kànga, ló bá ju ṣọ́bìrì nù. Láti ìgbà náà, ẹ̀san, ẹ̀san, ẹ̀san ṣáá! Màmá fi ìbínú pa tẹlifíṣọ̀n.

"Wọ́n ti ba ọmọ gidi jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́," ló wí, àfi bí ẹni pé òun ló bí i.

Ohun tó ń dun aránṣọ ni pé ohùn náà ò yí padà. Èyí tó fi tu ọmọ òrukàn nínú létí kànga náà ló fi tan ìyá arúgbó kó tó sun ilé rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí Olóhùn, bí aránṣọ ṣe sọ oníṣòkòtò náà lórúkọ, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ṣòkòtò wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ara aránṣọ ò balẹ̀. Ta ló ń ní ṣòkòtò mẹ́fà tó gùn jù?

"Aránṣọ mi àtàtà, bí mo bá ti rí ọ, àárẹ̀ ọjọ́ náà á fò lọ."

"Inú ìwé wo lo ti kà á?"

Olóhùn rẹ́rìn-ín, ó wolẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn: á sọ ọ̀rọ̀ dídùn kan, tí wọ́n bá bi í léèrè, á dákẹ́.

Ká má parọ́, aránṣọ ti fẹ́ràn rẹ̀. Ó ti ń dá ìró bàtà rẹ̀ mọ̀ láti òkèèrè, ìyẹn gan-an ló sì ń dẹ́rù bà á.

"Ìfura loògùn àgbà," ni Màmá wí. "Ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ jẹun, báwo lo ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀?"

Lọ́jọ́ kan, aránṣọ fẹ́ fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣòkòtò kẹfà, ló bá rí ìwé nínú àpò rẹ̀. *Bí mo bá ti rí ọ, àárẹ̀ ọjọ́ náà á fò lọ.* Ọ̀rọ̀ dídùn ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ gan-an wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Bí Olóhùn ṣe wọlé, aránṣọ na ìwé náà sí i. "Eré lo wá ń fi mí ṣe! Ta ló kọ ọ́ fún ọ?"

"È... è... èmi." Òógùn bò ó. "Mo ń kó... kólòlò láti kékeré. Tí mi ò bá kọ́... kọ́ ọ sórí, kì í já gaara. Mi ò fẹ́ kí o fi mí rẹ́... rẹ́rìn-ín."

Aránṣọ jókòó gbì.

"Agbẹ́kànga ńkọ́?"

"Ó dun è... èmi náà. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kó pa... padà sídìí kànga. Wọ́n ní ẹnu ni tèmi, ọ̀rọ̀ ki... kì í ṣe tèmi."

Aránṣọ ká ìwé náà, ó tì í sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. "Ó dáa. Sọ èyí tí o kò tíì kọ."

"Ṣé... ṣé wàá... ṣé wàá fẹ́..."

Aránṣọ ti mọ ibi tó ń lọ. Kò bá a parí ẹ̀. Ó dúró dè é, omi lójú, títí ó fi dé "mi".

"Èyí kò sí nínú ìwé kankan!" ni Màmá pariwo láti yàrá inú, ẹni tó ní òun ń sùn.

"Màá fẹ́ ọ," ni aránṣọ wí. "Ṣùgbọ́n Olóhùn mi, ṣòkòtò tí wàá wọ̀ lọ́jọ́ náà ni mi ò mọ̀. Mo ti fi ìbínú gé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kúrú jù."