Síláàbù Iwájú Ilé Ìwé Inísà

Ọmọ méje ni mo fojú ara mi rí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, tí wọ́n ń kí ẹnì kan níbi tí kò sí ẹnì kankan. Orí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tuntun tí a ṣe síwájú ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Inísà ni wọ́n ń gbà bọ̀. Wọ́n ń fi báàgì gbá ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bọ̀ lórí síláàbù. Bó bá wá ku díẹ̀ kí wọ́n dé géètì, ẹ̀rín á dákẹ́. Àwọn ọmọbìnrin á kúnlẹ̀, àwọn ọmọkùnrin á tẹ̀ ba, wọ́n á fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á sọ̀kalẹ̀ sójú títì tí ọkọ̀ ń gbà, wọ́n á yí ibì kan po, wọ́n á tún gòkè padà. Èmi wà ní òdìkejì, mo mú kọ́ọ̀pù ẹ̀kọ gbígbóná dání. Ẹ̀kọ náà tutù sí mi lọ́wọ́, mi ò mọ̀.

Oyèwálé lorúkọ mi. Ọmọ Òkúkù ni mí, bíríkìlà sì ni mí, ṣùgbọ́n Inísà ni mo ti fẹ́ ìyàwó, ibẹ̀ náà ni mo kọ́lé sí. Mi ò sí lára àwọn tó ń wá ìtàn iwin kiri. Ẹni tó bá ti ń po sìmẹ́ńtì láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ohun tó bá ṣeé fọwọ́ kàn ló ń gbà gbọ́.

Títì tó ti Ìkìrun wá, tó gba Inísà kọjá lọ sí Òkúkù, kò fi ibì kankan sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gọ́tà jíjìn ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó lanu sílẹ̀, nítorí náà ojú ọ̀dà gan-an làwọn ọmọ ń bá tírélà àti ọ̀kadà dù. Ní ọdún tó kọjá, ọkọ̀ pa ọmọ ọdún mẹ́jọ kan tó ń jẹ́ Dámilọ́lá níwájú géètì. Jemima ọmọ mi ló ń bá a rìn lọ́jọ́ náà. Bàtà ẹsẹ̀ kan Dámilọ́lá ló gbé wálé, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ òun títí oorun fi gbé e lọ. Ọdún mọ́kànlá ni èmi àti ìyá rẹ̀ fi wá ọmọ kí Ọlọ́run tó fi Jemima ta wá lọ́rẹ, kò sì sí èkejì. Nígbà tí àwọn àgbà ìlú wá pè mí pé kí n fi síláàbù bo gọ́tà náà kí àwọn ọmọ lè rí ibi rìn, ọmọ mi ni mo ń ṣe ọ̀nà fún. Ìyókù ìlú kàn bá a jẹ nínú rẹ̀ ni.

Síláàbù kì í fẹ́ ìkánjú. Bí o bá dà á tán, wàá máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ méje ó kéré tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò sán lábẹ́ ẹsẹ̀. A da gbogbo rẹ̀ pé, a sì wọ́n ọn lómi pé. Àfi bó ṣe di ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìwọlé àwọn ọmọ, tí èmi àti Mákánjúọlá, ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́, gbé èyí tó kẹ́yìn, tó bọ́ lọ́wọ́ wa tó sì dá sí méjì. Ihò kan ṣẹ́kù níwájú géètì gan-an, ihò tó lè gbé ọmọ mì.

Mákánjúọlá ní kí a fi pákó dí i, kí a da òmíràn, kí a ní sùúrù. Mo ní ta ló ń jẹ́ sùúrù, nígbà tí ilé ìwé ń wọlé lọ́la? Mo ti rí síláàbù kan tó da ojú bolẹ̀ nínú koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé alámọ̀ kan tó ti wó, ìsàlẹ̀ ilé ìwé níbẹ̀. A lọ gbé e. Ó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì bọ́ sínú ihò náà rẹ́gí bí ìgbà tí a wọ̀n ọ́n fún un. Bó ṣe da ojú bolẹ̀ nínú koríko náà la ṣe tẹ́ ẹ. Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́, mi ò sì yí i wò.

Nígbà tí wọ́n jáde ilé ìwé lọ́jọ́ Ajé yẹn, mo fa Jemima sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ta lẹ̀ ń kí níwájú géètì láàárọ̀?"

"Màmá ni, Dádì."

"Màmá wo?"

"Màmá àgbà tó jókòó síbẹ̀. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọ́n wá nà á sílẹ̀ gbọọrọ."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ń sọ̀kalẹ̀ sójú títì?"

Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mi ò ní ẹ̀kọ́. "Dádì, ṣé kí n wá dá ẹsẹ̀ àgbà kọjá ni?"

Èmi ni mo kọ́ ọ. Láti ìgbà tó ti ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ ni mo ti ń sọ fún un pé bí àgbà bá na ẹsẹ̀ sọ́nà, ọmọ tó bá ní òbí kì í dá a kọjá, ńṣe lá kúnlẹ̀, á kí i, á sì gba ibòmíràn yí po. Kò sí ilé kan ní Inísà tí wọn kì í ti kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé tí mo fi ń yangàn ló wá ń ti ọmọ mi sẹ́nu tírélà yìí. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́.

Mo lọ wo síláàbù náà. Ọyẹ́ mú lọ́sẹ̀ yẹn, eruku pupa sì ti bo gbogbo ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ náà látòkè délẹ̀. Lórí síláàbù tí a lọ gbé nìkan ni eruku kò ti dọ́gba. Ibì kan wà lórí rẹ̀ tó mọ́ róbótó, ìlà gbọọrọ méjì sì ti ibẹ̀ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àwọn náà mọ́. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí àga tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀, òórùn òrí sì ń jáde lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo dúró síbẹ̀ láti àárọ̀. Àwọn àgbà náà ń yà. Ìyá ọmọ kan gbé ẹrù lérí kọjá, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o, màmá," ó sì gba ojú títì. Mo bi í pé ta ló kí. Ó ní ṣé kì í ṣe ìyá ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ni, bóyá wọ́n ti Ìbà wá kí ọmọ wọn. Olùkọ́ kan sì rò pé ìyá tèmi tó wá láti Òkúkù ni. Gbogbo ìlú ló ń rí i. Èmi àti Mákánjúọlá tí a gbé síláàbù náà wá nìkan ni a kò rí nǹkan kan.

Ọjọ́rú ni ọ̀kadà gbá Ọmọ́ṣẹ̀yìndé, ọmọ kíláàsì kan náà pẹ̀lú Jemima. Ó kúnlẹ̀, ó kí, ó sọ̀kalẹ̀ sójú títì, ọ̀kadà sì sáré bọ̀, ó kọlù ú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Nígbà tí mo gbé e, kò sunkún ẹsẹ̀. Ohun tó ń sọ ṣáá ni pé, "Mo kí wọn o. Mo kí wọn." Jemima wà lẹ́yìn rẹ̀, ìgbésẹ̀ méjì péré ló wà láàárín wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, èmi àti Mákánjúọlá fi ọ̀pá irin yọ síláàbù yẹn, a sì yí i padà. Ẹnì kan ti fi ìka kọ̀wé sí i nígbà tí sìmẹ́ńtì rẹ̀ ṣì tutù: ÌYÁ Ọ̀ṢUNFÚNKẸ́. Ẹ SÙN RE O.

Mákánjúọlá ká ọwọ́ lérí. "Orí ibojì ni a gbé wá, Oyèwálé. A ti gbé ilé onílé."

A gbé e padà lọ síbi tí a ti mú un. Ìyá kan tó ń gbé nílé kejì, tí wọ́n ń pè ní Màmá Mojísọ́lá, jáde wá bá wa. Nígbà tí wọ́n rí ohun tó wà lọ́wọ́ wa, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá Ọ̀ṣunfúnkẹ́ nìyẹn. Iwájú ilé wọn níbí ni wọ́n sin wọ́n sí. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni wọ́n. Ẹsẹ̀ ló mú wọn nígbẹ̀yìn, wọn ò lè rìn mọ́, ìta ni wọ́n máa ń jókòó sí tí wọ́n á nà án. Ọmọ ilé ìwé kan ò ní kọjá láì kí wọn. Ìkíni yẹn ni oúnjẹ wọn."

"Ẹ̀yin màmá, ibojì gan-an dà?"

Wọ́n nàka sí kòtò ìpìlẹ̀ ilé tuntun kan. "Àwọn ọmọ-ọmọ ti ta ilẹ̀. Ẹni tó rà á gbẹ́ ẹ títí dé ìsàlẹ̀, típà sì kó iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lọ. Ibi tí wọ́n lọ dà á sí, Ọlọ́run ló mọ̀. Síláàbù yẹn nìkan ni wọ́n sọ sínú koríko."

Mo ti ń retí ìbínú òkú láti ọjọ́ kejì. Mo ti ń ronú ohun tí a ó fi tù ú lójú. Kò sí ìbínú kankan níbẹ̀. Obìnrin arúgbó kan tí kò nílé mọ́ ló rí ibi tí àwọn ọmọ ti ń kọjá, ó sì jókòó. Àánú rẹ̀ ṣe mí, àánú náà sì dẹ́rù bà mí ju ìbínú lọ, torí ẹni tó bá ń bínú, èèyàn mọ ohun tí á fi bẹ̀ ẹ́. A nu orúkọ náà mọ́, a tẹ́ síláàbù náà sórí koríko, a yí ojú rẹ̀ sókè, a sì tọrọ àforíjì. A fi pákó nínípọn mẹ́ta dí ihò iwájú géètì títí a ó fi da òmíràn.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, èmi fúnra mi ni mo mú Jemima lọ́wọ́ lọ sílé ìwé. Ọyẹ́ ti bo ojú ọ̀nà débi pé iná ọkọ̀ nìkan là ń rí lókèèrè. Nígbà tí a dé ibi pákó, ọmọ mi yọ ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó sì kúnlẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo bi í ní etí. "Wọ́n ṣì wà níbẹ̀?"

"Wọ́n wà níbẹ̀, Dádì. Wọ́n ní pákó yìí ń gún wọn ní ìdí."

Àwọn ọmọ mìíràn ti ń tò sẹ́yìn wa, wọ́n ń kí, wọ́n ń wo ojú títì láti sọ̀kalẹ̀. Mi ò ro ohun tí ẹnikẹ́ni máa sọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, àyà mi kan síláàbù, mo gbójú mọ́lẹ̀.

"Ìyá wa, ẹ má bínú. Èmi ni mo gbé yín wá síbí láìmọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa sún kúrò lọ́nà àwọn ọmọ. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Mo gbọ́ ohùn Jemima lókè orí mi, ohùn pẹ̀lẹ́ tí ọmọ fi ń jíṣẹ́ àgbà.

"Wọ́n ní kí ẹ dìde. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé àwọn ń dí wa lọ́nà. Wọ́n ní ká ran àwọn lọ́wọ́ kí àwọn lè dìde."

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé, "Ẹ rọra o, màmá. Ẹ gbé ẹsẹ̀ yìí. Ẹ rọra." Pákó dún lẹ́ẹ̀kan bí ìgbà tí ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Mi ò gbójú sókè, omi ń dà lójú mi, ọpẹ́ ni mo ń dú.

Nígbà tí mo fi máa dìde, àwọn ọmọ ti padà wá. Wọ́n ń rìn lórí pákó náà tààrà, ẹnikẹ́ni kò kúnlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò yà. Wọ́n kún ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ náà látòkè délẹ̀, ogún ọmọ, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jemima dúró sí àárín wọn, ó ń gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù. Mo rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí Dámilọ́lá ti kú, mi ò tíì ní irú ìfọ̀kànbalẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ ṣeun," mo wí. "Ibo lẹ wá gbé wọn jókòó sí?"

"Ibẹ̀ yẹn, Dádì. Wọ́n ní ibẹ̀ fẹ̀ dáadáa, ẹsẹ̀ àwọn gbà á."

Àárín títì ló nàka sí.

Tírélà kan yọ jáde látinú ọyẹ́ láti ọ̀nà Ìkìrun, ó ru pákó gàgàrà, ó ń sáré bọ̀. Mo rí ojú awakọ̀ náà nínú gíláàsì, ọkùnrin àgbàlagbà kan, ọmọlúàbí. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó tẹrí ba díẹ̀ sí àárín títì tó ṣófo, ó sì ya ọkọ̀ sọ́dọ̀ wa.