Ọkọ̀ Tí Kò Ní Nọ́ńbà Ìjókòó

Obìnrin náà ń bó ọsàn nígbà tí Anselmo Goulart kọ́kọ́ rí i. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọkọ̀ ojú irin, oòrùn Lisboa ń tàn sí i lọ́rùn, èèpo ọsàn náà kò sì já títí tó fi bó o tán. Ó wu ojú í wò. Àmọ́ orí ìjókòó Anselmo ló wà.

Anselmo wo tíkẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ fi lọ sí Porto, ó wo nọ́ńbà. Kò sí ọkọ̀ ojú irin ní erékùṣù Pico tó ti wá. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì ni, ìgbà àkọ́kọ́ tó wọ̀ ọ́ nìyí. Orí fóònù ló ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, odidi ìrọ̀lẹ́ kan ló sì gbà á.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó jọ pé ìjókòó mi nìyẹn.”

“Tèmi náà ni.” Obìnrin náà na tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ sí i. Nọ́ńbà kan náà ni. “Ẹ gba ọsàn ná, ká tó máa jà.”

Ọkùnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò dé. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín.

“Ọ̀gá, ọjọ́ keje oṣù kẹfà lẹ ra tiyín sí. Oṣù karùn-ún la wà. Ẹ mà tètè dé o!”

Ọkọ̀ ti kún. Ó ní kí Anselmo sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Entroncamento, kó lọ ra òmíràn. Ojú ti Anselmo débi pé etí rẹ̀ pọ́n.

Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, obìnrin náà sọ̀kalẹ̀ tẹ̀lé e.

“Kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ̀?”

“Bí mo bá fi yín sílẹ̀, oṣù kẹfà lẹ máa dé Porto.”

Hermínia Vilhena ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ kíkó iyọ̀ inú omi òkun ló ń ṣe ní Aveiro, ìlú kan lójú ọ̀nà Porto. Ó mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ó kọ́ ọ: sọ ibi tí o ń lọ, sọ ọjọ́, sọ wákàtí, kí o sì ka ohun tí wọ́n fún ọ kí o tó kúrò níbẹ̀. Wọ́n wọ ọkọ̀ tó ń rọra lọ, tó ń dúró ní gbogbo abúlé. Kò ní nọ́ńbà ìjókòó. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n jókòó sí.

Kí wọ́n tó dé Coimbra, Anselmo sọ òótọ́.

“Màmá mi ló rán mi. Ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ wọn kan wà ní Porto. Wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wa tán, èmi ló kù.”

Hermínia bó ọsàn mìíràn, ó fún un ní ìdajì.

“Ẹ lọ bá a. Bó bá jẹ́ pé ẹ ò fẹ́ ẹ, ẹ sọ ọ́ lójú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó wá mi wá. Èmi kì í gba ìjókòó ẹlòmíì.”

“Ẹ ti gba tèmi láàárọ̀ yìí.”

“Ẹ̀yin lẹ ò mọ kàlẹ́ńdà í kà!”

Ó lọ sí Porto, ó sọ ọ́. Bàbá ọmọbìnrin náà ṣílẹ̀kùn fún un pé kó máa lọ. Ìyá Anselmo, Dona Leopoldina, gbọ́ ní Pico lọ́jọ́ náà gan-an. “O ti dójú tì mí,” ó sọ lórí fóònù, ó sì gé ìpè náà. Oṣù mẹ́rin ni kò fi bá a sọ̀rọ̀.

Anselmo lọ bá Hermínia ní Aveiro, ó ń bá a kó iyọ̀. Ní oṣù keje ó ní kó jẹ́ káwọn fẹ́ra.

“Mo fẹ́ ọ,” Hermínia ní. “Ṣùgbọ́n mi ò ní wọ ilé tí ìyá ilé ti kẹ̀yìn sí mi.”

Ní oṣù kẹsàn-án, Dona Leopoldina wọ bàálù wá sí Lisboa. Porto ló ń lọ, láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì gbọ́, wọ́n lọ pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin ibẹ̀. Ó dúró níwájú ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, nínú aṣọ dúdú opó, ìbéèrè ti dà á lórí rú: aago mélòó, ipò wo, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé àbí òdìkejì? Àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń kùn.

Hermínia sún mọ́ ọn. “Ẹ káàárọ̀ mà. Èmi ni Hermínia.”

Ìyá náà wò ó látòkè délẹ̀. “Sọ fún ọkùnrin ẹ̀yìn rẹ yẹn pé àpò mi wúwo.”

Anselmo gbé e. “Mọ́mì…”

“Sọ fún un pé mi ò bá a sọ̀rọ̀.”

“Wọ́n ní àwọn ò bá ọ sọ̀rọ̀.”

“Mo gbọ́.”

“Sọ fún un pé ó ti rù.”

“Wọ́n ní o ti rù.”

“Sọ fún wọn pé mò ń jẹun.”

“Ta ló ń se é?” Hermínia ni ìyá náà bi.

“Òun ni, mà. Ó ní ọbẹ̀ ẹja tèmi kò tó tiyín.”

“Báwo ló ṣe máa tó o?” Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu ìyá náà, ó tètè pa ẹnu dé.

Hermínia ra tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Bí ọkọ̀ ṣe mi, ìyá náà gbá ọwọ́ Hermínia mú. Kò fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi dé Aveiro.

“Ẹ sọ̀kalẹ̀,” ó ní. “Èmi nìkan ni mo máa lọ tọrọ àforíjì. Mo ti mọ ọkọ̀ yìí wọ̀.”

Wọ́n sọ̀. Ó yọjú lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀.

“Anselmo.”

“Mà?”

“Lọ bá àlùfáà. Kó bẹ̀rẹ̀ sí í kéde ìgbéyàwó yín ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sunday yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àjàrà wa ní Pico ti pọ́n, ọwọ́ mẹ́rin la sì nílò.”

Ilẹ̀kùn pa dé. Anselmo juwọ́ sí i. Hermínia fà á lápá, wọ́n kọjá sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.