Nítorí Kí N Lè Máa Rí Ẹ

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, òórùn kòtò ló ṣáájú obìnrin náà wọlé. Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìdánwò ẹ̀rọ nílé-iṣẹ́ omi, ó da bátìrì mẹ́fà tó ti kú sórí tábìlì funfun, ẹrẹ̀ dúdú sì ń kán lára wọn sórí ìwé. Ìdin kan ń rìn lára ọ̀kan nínú wọn.

Ọkùnrin tó jókòó nídìí tábìlì náà wo ìdin, ó wo obìnrin. Kò bomú. Ó fi bébà kó ìdin náà, ó dà á síta lójú fèrèsé, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jókòó, kí n bu omi fún yín."

Ohun tó wọ obìnrin náà lọ́kàn nìyẹn. Nílé-iṣẹ́ yẹn, ńṣe làwọn èèyàn máa ń fa àga wọn sẹ́yìn tó bá ń kọjá. Aríhòmásá làwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè é, torí kò sí kòtò tó dọ̀tí débi tí kò ní wọnú rẹ̀. Inú kòtò lábẹ́ títì ni àwọn mítà tó ń ka omi tí oníkálukú lò wà. Wọn kò ní wáyà. Ojú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń gbà fi iye omi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì, bátìrì inú wọn ló sì ń fún wọn lágbára. Wọ́n ní bátìrì kan á lo ọdún mẹ́wàá. Kì í pé ọdún méjì tó fi ń kú. Iṣẹ́ Aríhòmásá ni kó ṣí ìdérí irin, kó dojú bolẹ̀, kó ti ọwọ́ bọ ẹrẹ̀, kó sì pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ má wulẹ̀ béèrè ohun tó ń bá pàdé níbẹ̀. Aáyán a máa gun ọrùn rẹ̀ bí ẹni gun àkàsọ̀. Òkú eku a wú sórí omi bí ìrọ̀rí. Ìgbà kan wà tó rò pé okùn lòun dì mú, àfi bó ṣe rí i pé ìrù ni.

Gbogbo ọjọ́ Ajé ló ń lọ gba bátìrì tuntun lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, tí gbogbo ayé ń pè ní Oníbátìrì. Ó ń tọ́jú ọṣẹ sí ìdí ẹ̀rọ omi dè é. Láti orí ìkíni wọ́n bọ́ sí àwàdà, láti orí àwàdà wọ́n di ẹni tí kò fẹ́ kí ọjọ́ Ajé tán. Kí ọdún tó yípo, ó ti ń pè é ní olólùfẹ́ mi, òun náà sì ti ń jẹ́ ẹ.

Ìyá ọkùnrin náà ló kọ̀ jálẹ̀. Ọjọ́ tí Aríhòmásá kọ́kọ́ dé ilé wọn, bó ṣe ń lọ, kò tíì sọ̀kalẹ̀ tán lórí àtẹ̀gùn tó fi gbọ́ ohùn ìyá náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn: "Ẹni tó ń rákò nínú ìdọ̀tí lo fẹ́ mú wálé fún mi?" Nígbà tó délé, ó fi kàn-ìn-kàn-ìn ha ara rẹ̀ títí ó fi ń ta á. Ṣùgbọ́n Oníbátìrì kò yẹsẹ̀. Ó ní bí kì í bá ṣe Aríhòmásá, kò sí ẹlòmíì. Lẹ́yìn ọdún méjì tí wọ́n ti pàdé, ìyá náà fúnra rẹ̀ wá sílé Aríhòmásá, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó jẹun nínú abọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́. Wọ́n dájọ́ ìgbéyàwó.

Oṣù yẹn gan-an ni ìgò gún Ẹ̀gbọ́n lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń pààrọ̀ bátìrì nínú kòtò. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó kọ́ Aríhòmásá níṣẹ́. Ẹsẹ̀ náà wú, ó kẹ̀, ó ń ṣọyún. Nígbà tí Aríhòmásá lọ kí i nílé ìwòsàn, ó kí i tán ni, ó sá síta lọ bì. Dókítà gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì ń kọ orúkọ àlejò ìgbéyàwó nínú pálọ̀ Oníbátìrì. Inú ọkùnrin náà dùn, ó sì fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí yóò dùn mọ́ ìyàwó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ó mọ̀ pé kò yẹ kí àwọn bátìrì yẹn máa kú rárá.

Ó là á yé e. Wọ́n ti pa á láṣẹ fún mítà pé kó máa pe ọ́fíìsì ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìdérí irin a bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí kò bá gbọ́ ìdáhùn, a tún pè, a tún pè, títí agbára rẹ̀ á fi tán. Bí wọ́n bá ní kó máa pè lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, kó sì dákẹ́ di ọ̀la bí wọn ò bá dá a lóhùn, bátìrì kan á lò ju ọdún mẹ́wàá lọ. Òun ti dán an wò. Orí àga òun lòun ti lè fi àṣẹ náà ránṣẹ́ sí gbogbo mítà, láàárín ọ̀sán kan.

Aríhòmásá gbé bírò kalẹ̀. "Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Oṣù kejì tí a pàdé."

"Kí ló dé tí o ò ṣe é?"

Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Nítorí kí n lè máa rí ẹ. Bí bátìrì ò bá kú, kí lo fẹ́ máa wá ṣe lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Ajé? Ìfẹ́ ẹ ló dè mí lọ́wọ́."

Aríhòmásá wo ọwọ́ tó wà lórí tirẹ̀. Ó mọ́, èékánná rẹ̀ gún régé, ó ń ta sánsán. Kò sí ohun tí obìnrin yìí kò tíì fọwọ́ kàn rí láyé, síbẹ̀ ọwọ́ yẹn ló kó o nírìíra. Ó fa tirẹ̀ yọ, ó nù ún mọ́ aṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n ńkọ́?"

Oníbátìrì ní jàǹbá nìyẹn, ta ló mọ̀ pé ìgò á wà níbẹ̀. Ó ní òun ìbá ti ṣe é lẹ́yìn tí wọ́n dájọ́ ìgbéyàwó, àmọ́ kí lòun fẹ́ sọ fún ọ̀gá pé òun ń ṣe látọjọ́ yìí?

"Dìde," Aríhòmásá wí. "Jẹ́ ká lọ fi àṣẹ yẹn ránṣẹ́."

Ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ní yàrá ìdánwò títí ó fi tẹ bọ́tìnnì tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló sọ fún un pé òun ò lè fẹ́ ẹ mọ́, pé bó bá fọwọ́ kan òun, èébì ló ń gbé òun. Ọkùnrin náà sunkún. Aríhòmásá ò sunkún. Ó ṣì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì ń rí i lára jù.

Ọjọ́ kẹta, ìyá ọkùnrin náà dé. Ó rò pé nítorí ọ̀rọ̀ tí òun sọ lọ́jọ́sí ni, ó fẹ́ kúnlẹ̀. Aríhòmásá gbá a mú, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un láìfi bò, títí kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n.

Ojú ìyá náà kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

"Odindi ọdún méjì?"

"Ọdún méjì, Màmá."

Ó fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra. "Ọmọ mi ni, mi ò lè jù ú nù," ó wí. "Ìwọ lè jù ú nù. Má padà sọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọ mi."

Aríhòmásá bá a gbé báàgì rẹ̀, wọ́n jọ rìn dé ojú títì. Wọ́n dúró de ọkọ̀ pọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dé, ìyá náà kọ́kọ́ dì mọ́ ọn kó tó wọlé.