Lítà Epo Tí Akọ̀wé Dín Kù Nítorí Ìfẹ́

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, kò sí ohun tó fi hàn pé nǹkan fẹ́ bàjẹ́. Aṣọ ibùsùn funfun láti ilé ìwòsàn àti òtẹ́ẹ̀lì kún inú kẹ̀kẹ́ onírin bámúbámú, àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì ń pariwo bí ọmọ iléèwé tí tíṣà wọn kò sí ní kíláàsì. Ọmọbìnrin tí gbogbo iléeṣẹ́ alágbàfọ̀ náà ń pè ní Akọ̀wé mú ọ̀pá ìwọ̀n rẹ̀, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ wo iye dísẹ̀lì tó kù nínú táǹkì, bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì.

Iṣẹ́ ló ń bá lọ síbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ mọ ẹni tó ń wá. Ẹ̀gbẹ́ táǹkì ni yàrá bọ́ílà wà, níbi tí Oníná, ọkọ rẹ̀, ti ń dáná sí omi tí wọ́n fi ń fọ aṣọ, tí wọ́n sì ń fi ooru rẹ̀ lọ̀ ọ́. Kò tíì ju oṣù méje lọ tí wọ́n ṣègbéyàwó. 

"Akọ̀wé mi, ṣé wọ́n lọ ojú rẹ láàárọ̀ yìí ni, tó ń dán báyìí?"

"Ẹlẹ́nu dídùn! Kí ló wá dé tí ojú tìẹ fi pọ́n?"

"Orí ló ń fọ́ mi díẹ̀. Tí mo bá ti délé, á lọ. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Akọ̀wé ti ọ̀pá bọ inú táǹkì, ó fà á jáde, ó ka àmì ara rẹ̀. Ó nù ún, ó tún un tì bọ̀ ọ́. Ẹgbẹ̀jọ lítà ló ti lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan! Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ̀rin ni lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

"Iye aṣọ tá à ń fọ̀ kò lé o," ó ní, "epo wá di ìlọ́po méjì."

Ẹ̀rín kúrò lójú ọkọ rẹ̀. "Jọ̀ọ́, má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ìdí tí ọ̀rọ̀ fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé ní oṣù kan sẹ́yìn, iléeṣẹ́ wọn dara pọ̀ mọ́ ètò kan tí ìjọba àti àwọn iléeṣẹ́ aládàáni jọ dá sílẹ̀. Òfin kankan kò fi dandan lé e. Iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ á máa ṣírò èéfín tí òun fúnra rẹ̀ ń tú sójú ọ̀run. Ìjọba ní tiẹ̀ á rán ẹnjiníà wá tọ́ wọn sọ́nà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnjiníà tó wá bá wọn jẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan. Orí apẹ̀rẹ̀ tó dojú dé ló jókòó sí tó fi bá wọn sọ̀rọ̀.

"Epo tẹ́ ẹ bá sun nínú bọ́ílà, nínú jẹnẹrétọ̀, nínú ọkọ̀ tó ń kó aṣọ, ẹ máa kọ lítà rẹ̀ sínú ìwé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Iná mànàmáná tẹ́ ẹ bá lò, ẹ kọ ohun tó wà lójú mítà. Èmi á bá yín sọ ọ́ di ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná."

"Tó bá wá pọ̀ ńkọ́, sà?" Akọ̀wé ló béèrè.

"Ibi tó bá ti lé lójijì la máa kọ́kọ́ sáré lọ, torí ẹ̀rọ tó ń ṣàìsàn ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù, ìwé yìí kì í ṣe ìwé ẹjọ́."

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ẹtì yìí, ẹ̀rù ń ba Oníná. "Wọ́n á ní bọ́ílà yìí ti gbó," ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Wọ́n á gbé èyí tó ń lo iná mànàmáná wá, èyí tí kò nílò ẹni tí ń dáná. Iṣẹ́ wo ni mo tún mọ̀? Kọ ẹgbẹ̀rin bíi tèṣí. Nítorí tèmi."

Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. Akọ̀wé kọ ẹgbẹ̀rin.  Ó kọ ọ́ bí ẹni ń kọ lẹ́tà ìfẹ́.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, Ẹnjiníà rí ìwé wọn, ó sì fóònù Ìyá Alágbàfọ̀, obìnrin tó ni iléeṣẹ́ náà. "Tiyín dúró dáadáa, mà. Iléeṣẹ́ oníbíríkì ni mò ń lọ báyìí, tiwọn ló lé. Ẹ̀yin lẹ máa kẹ́yìn."

Ìyá Alágbàfọ̀ jó yí kẹ̀kẹ́ aṣọ po. Akọ̀wé bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n iye tó rí lára ọ̀pá kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, àwọn ẹ̀rọ ìlọṣọ ṣàdédé tutù.

"Akọ̀wé, lọ jí ọkọ rẹ fún wa o!" àwọn alọṣọ ń pariwo. "Àbí o kò jẹ́ kó sùn lálẹ́ àná ni?"

Ẹ̀rín ni Akọ̀wé rín lọ. Ilẹ̀kùn yàrá bọ́ílà wà ní títì, torí wọn kò fẹ́ kí eruku máa ba aṣọ funfun jẹ́. Nígbà tó ṣí i, kò gbóòórùn kankan. Ọkọ rẹ̀ ló bá nílẹ̀ gbalaja.

Igbe tó ké, ẹ̀rọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò lè bò ó. Ìyá Alágbàfọ̀ fúnra rẹ̀ ló di ẹsẹ̀ kan mú tí wọ́n fi wọ́ ọ jáde síta.

Ní ilé ìwòsàn, orí aṣọ ibùsùn tí Akọ̀wé mọ àmì etí rẹ̀ dunjú ni wọ́n tẹ́ ọkọ rẹ̀ sí. Dókítà ní, "Tí epo kò bá jó tán, ó máa ń tú èéfín olóró kan jáde tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Orí á máa fọ́ni, èébì á máa gbéni. Téèyàn bá ti kúrò níbẹ̀, ara á yá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rò pé àárẹ̀ iṣẹ́ lásán ni."

Ẹnjiníà dé sí iléeṣẹ́, ó tú bọ́ílà wò lójú Akọ̀wé àti Ìyá Alágbàfọ̀. Èédú ti dí ẹnu ibi tí iná ń gbà jáde, páìpù èéfín sì ti là. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Bọ́ílà tó rí báyìí á ti máa mu epo bí ẹni máa kú. Báwo lẹ ṣe wá kọ ẹgbẹ̀rin?"

Akọ̀wé kúnlẹ̀. "Èmi ni, sà. Ẹgbẹ̀jọ ni mo rí."

"Ìwọ!" Ìyá Alágbàfọ̀ na ìka sí i, ó fẹ́ bú u, àmọ́ ó rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó ní, "Èmi náà jẹ̀bi. Ijó ni mò ń jó. Mi ò béèrè bí tiwa ṣe dúró."

"Ká ní mo rí ẹgbẹ̀jọ," Ẹnjiníà rọra sọ, "ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ọjọ́ Ẹtì yẹn ni ǹ bá ti wà níbí."

Oníná kò kú. Ọjọ́ kẹta ló lajú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n báyìí, ó sì máa ń gbàgbé ohun tó ń sọ lọ́wọ́. Dókítà ní ó lè sàn, kò ṣèlérí. Kò tún gbọ́dọ̀ sún mọ́ yàrá iná mọ́ láéláé. Ètò náà yọ orúkọ iléeṣẹ́ wọn kúrò fún ọdún kan nítorí iye èké náà, òtẹ́ẹ̀lì kan sì kó aṣọ rẹ̀ lọ. Ibi tí wọ́n ti ń ká aṣọ ni Akọ̀wé wà báyìí. Ẹni méjì ló ń wo ọ̀pá ìwọ̀n pa pọ̀, àwọn méjèèjì ló sì ń fọwọ́ sí ìwé.

"Ṣé o bínú sí mi?" Akọ̀wé bi ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń fi ṣíbí bu oúnjẹ sí i lẹ́nu.

"Ṣebí èmi ni mo bẹ̀ ọ́." Ó gbé oúnjẹ ẹnu rẹ̀ mì. "Ká ní o kọ̀ fún mi ni..."

Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Akọ̀wé kò sì mọ̀ bóyá ó gbàgbé ni, àbí àánú òun ló ṣe é.

Ìwọ tó ń ka ìtàn yìí, tó bá jẹ́ ìwọ ni wọ́n fún ní ìwé èéfín iléeṣẹ́ yín, iye tó o bá rí ni kó o kọ, ì báà jẹ́ olólùfẹ́ rẹ ló ń bẹ̀ ọ́. Ọ̀gá iléeṣẹ́, má yọ̀ mọ́ iye tó kéré kó o tó béèrè ìdí rẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ ọ níbi iṣẹ́, tó sì ń fi ọ́ sílẹ̀ nígbà tó o bá délé, ṣí ilẹ̀kùn, jáde síta, kó o sì sọ fún ọ̀gá rẹ lọ́jọ́ náà gan-an. Èéfín tí ẹ kò kọ sínú ìwé ṣì wà nínú yàrá, ẹnì kan tí ẹ fẹ́ràn ló sì ń fà á símú.