Ilẹ̀ Gbẹ, Fimísílẹ̀ Ń Kú Lọ

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ, Adéjọkẹ́ fi ẹsẹ̀ lásán rìn yí gbogbo ilé ká, láti pálọ̀ dé abẹ́ máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, kò sì tẹ omi kankan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn ẹsẹ̀ àga. Kò sí òórùn ìtọ̀. Orin ìdúpẹ́ bọ́ sí i lẹ́nu, ó sì ké sí ọkọ rẹ̀ tó ń so táì níwájú dígí.

"Dádì Tolú, ẹ wá wò ó o! Ilẹ̀ gbẹ! Fimísílẹ̀ ò tọ̀ síbì kankan láti àná."

Olúdélé wo ilẹ̀, ó mi orí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá tún tọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré kó tó di Sátidé, ó ń lọ nìyẹn o."

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ológbò, ẹ má tíì bá obìnrin yìí jó. Ilẹ̀ gbígbẹ yẹn gan-an ni ewu.

Fimísílẹ̀ ni orúkọ tí Tolúwani, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, sọ ológbò rẹ̀. Akọ ni, ó dúdú, àyà rẹ̀ nìkan ló funfun. Kì í jáde rárá, nítorí pé ní Thomas Estate tí wọ́n ń gbé lápá Ajah, ajá ilé kejì kì í ṣe ajá eré. Inú ilé ló ti ń jẹ, ibẹ̀ ló ti ń sùn, inú ike fífẹ̀ tí wọ́n da iyanrìn sí ló sì ti ń tọ̀, tó ti ń yàgbẹ́. Fún ọdún méjì gbáko, kò bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà ìtọ̀.

Sùtánà ni Adéjọkẹ́ ń rán nínú ilé fún àwọn ará ìjọ aláṣọ funfun, òun náà sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí ìkórè ń bọ̀ lọ́nà, aṣọ funfun kún gbogbo ilé. Kí òórùn má bàa ràn mọ́ àwọn aṣọ náà, ó gbé ike iyanrìn kúrò ní kọ̀rọ̀ tó dákẹ́ tó wà tẹ́lẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń pariwo lẹ́yìn kíṣìnnì. Ó fi oògùn apakòkòrò tó máa ń sọ omi di funfun bíi wàrà fọ ike náà. Nígbà tí ìyẹn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó mú lọ́fíńdà tí wọ́n fi ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó wọ́n ọn sínú iyanrìn láàárọ̀ àti lálẹ́. Ohun tó ń pe áńgẹ́lì wá, ó lé ológbò lọ.

Fimísílẹ̀ gbóòórùn ike náà lẹ́ẹ̀kan, ó sín, ó yí padà. Ó tọ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ó tọ̀ sórí ẹní. Lọ́jọ́ kan ó lọ tọ̀ sórí sùtánà tuntun tí Adéjọkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ fún ìyá ìjọ kan. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra, ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì ni Adéjọkẹ́ fi di ìgbálẹ̀ mú lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ni Olúdélé ti dá Sátidé fún un: tí ológbò náà kò bá jáwọ́, yóò kúrò nílé.

"Jọkẹ́, òórùn yìí ti bá mi dé ọ́fíìsì ní Oniru. Ó ti sú mi."

Tolúwani sunkún títí, kò jẹun alẹ́. Ìyá rẹ̀ kò mọ èyí tí ì bá ṣe mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó rí i tí Fimísílẹ̀ ń lóṣòó káàkiri, tó ń rin, tí ẹ̀kán ìtọ̀ díẹ̀ nìkan ń jáde. "Ìgbẹ́ ló há a," ló sọ. Ní Ọjọ́rú, ó la ẹnu ológbò náà, ó ro epo pupa sí i lọ́fun. Ní Ọjọ́bọ, ilẹ̀ gbẹ.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Tolúwani ti ilé ìwé dé.

"Mọ́mì, ó ń ké. Ó kàn ń lá abẹ́ rẹ̀ ṣáá."

"Jẹ́ kó sinmi, jọ̀ọ́. Àbí o fẹ́ kó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílẹ̀ ni?"

Ẹ gbọ́ ná, ta ló mọ ológbò yẹn ju ọmọ yẹn lọ?

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n bá Fimísílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nínú èébì ara rẹ̀. Ara rẹ̀ tutù. Nígbà tí Adéjọkẹ́ fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ó le bí ọsàn tí kò tíì pọ́n, ẹranko náà sì figbe ta. Ó fi aṣọ funfun wé e, ó fa Tolúwani lọ́wọ́, wọ́n kó sínú mọ́tò, ó dorí kọ ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ní Ajah. Ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́ lójú ọ̀nà.

"Fimísílẹ̀, tọ̀. Tọ̀ sára aṣọ yìí. Tọ̀ sí mi lára, mi ò ní bínú. Olúwa, ẹ jẹ́ kó tọ̀!"

Dókítà Sìdíkàt fọwọ́ kan ikùn náà, ojú rẹ̀ yí padà.

"Mà, ìgbà wo ló tọ̀ kẹ́yìn?"

"Ọjọ́rú, mà. A rò pé ó ti jáwọ́ ni." Adéjọkẹ́ ro gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí apakòkòrò, lọ́fíńdà àti ìgbálẹ̀ dórí lílóṣòó àti epo pupa.

"Kò jáwọ́. Ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ ló dí. Ti akọ ológbò tín-ín-rín gan-an. Ìtọ̀ tí kò rí ọ̀nà jáde ti ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́, ó sì ti ń mú ọkàn rẹ̀. Màá gbìyànjú."

Ó gbé e wọlé láti fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ la ọ̀nà náà. Olúdélé sáré dé láti Oniru, táì rẹ̀ ti wọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn. Nígbà tí Dókítà jáde, ó ti bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má bínú. Ọkàn rẹ̀ ti dúró."

Adéjọkẹ́ bi í léèrè. "Ṣé èmi ni mo pa á?"

"Mi ò ní purọ́ fún yín, mà. Àìsàn yìí lè mú ológbò tí wọ́n ń tọ́jú dáadáa. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù àti àìmu omi tó máa ń dá kún un. Ká ní ẹ gbé e wá lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ń lóṣòó, ó ṣeé ṣe kó yè. Bí ìtọ̀ bá há akọ ológbò, ó máa ń jọ pé ìgbẹ́ ló há a. Epo pupa ò lè ṣe nǹkan kan sí i."

"Kí ló wá yẹ ká ṣe?" Olúdélé ló bi í.

"Tí ológbò bá kọ ike rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbé e wá ká yẹ̀ ẹ́ wò. Tí ara rẹ̀ bá dá, ẹ yẹ ike wò. Kó wà níbi tó dákẹ́, kó jìnnà sí oúnjẹ rẹ̀. Ẹ máa kó ìdọ̀tí inú rẹ̀ lójoojúmọ́, ọṣẹ lásán àti omi ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́. Apakòkòrò funfun yẹn, májèlé ni fún ológbò, torí yóò lá a kúrò lẹ́sẹ̀. Ẹ má wọ́n lọ́fíńdà sí i. Ibi tó bá tọ̀ sí, ẹ fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́ títí òórùn yóò fi tán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó máa padà síbẹ̀. Ẹ má nà án. Ńṣe ló máa wá ibi tó pamọ́ tọ̀ sí."

Tolúwani kò sunkún. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀.

"Ó ń sọ fún wa. Ẹ̀yin lẹ ò gbọ́."

Ọmọ náà kò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí ìkórè fi kọjá, Adéjọkẹ́ kò sì dá a lẹ́bi.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kó jẹ́ tiyín. Ẹranko kò lẹ́nu láti fi pe dókítà. Bí ológbò yín bá ń tọ̀ síbi tí kò yẹ, ẹ má kọ́kọ́ mú ìgbálẹ̀. Bí akọ ológbò yín bá ń lóṣòó tí ìtọ̀ kò jáde, ẹ má dúró dọ̀la, ẹ má ro epo sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e, kí ẹ máa lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.