Fọ́tò Ẹni Tó Wà Láàyè

"Ta ló kú? Mo ní ta ló kú tẹ́ ẹ fi ń gbẹ́ sàréè sẹ́yìn ilé mi?"

Ṣítù ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, àdá ní ọwọ́, ẹrẹ̀ oko ní ẹsẹ̀. Mahfuz, àbúrò rẹ̀ tó sáré wá láti Ẹgbẹ́dá pẹ̀lú aṣọ funfun, ju ṣọ́bìrì nù. "Subhanallah! Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin kọ́ lẹ kú ni?"

Nínú yàrá, Humairah ọmọ Ṣítù gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ pa bàbá rẹ̀ láìkú.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ló ya bàbá rẹ̀ ní fọ́tò kí bàbá náà tó lọ oko. Kò rí nǹkan kan nínú ẹ̀: ṣẹ́ẹ̀tì pupa, bọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé, ìyẹn náà ni. Àmọ́ nígbà tó yọ gbogbo àwọ̀ kúrò, tó ku dúdú àti funfun, áà! Ojú bàbá rẹ̀ nìkan ló kù. Gbogbo oòrùn tó ti pa á, gbogbo ìyà tó ti jẹ lórí ọmọ, ó hàn ketekete. Omi bọ́ lójú Humairah. Ó gbé e sórí Wasáàpù, kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i.

Ta ni kò mọ̀ pé fọ́tò òkú ni wọ́n máa ń gbé jáde bẹ́ẹ̀ yẹn? Kíá, "Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere" ti ń rọ́ wọlé. Ó fẹ́ yọ ọ́, ni Kifayah ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá pè é. "Má yọ ọ́ o! Gbogbo kíláàsì ló ń sọ̀rọ̀ ẹ. Jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́!"

Ọmọ tí ẹnì kan kì í wò lẹ́ẹ̀mejì! Ó dùn mọ́ ọn. Ẹ gbà mí, ó dákẹ́!

Wọ́n pe Ṣítù títí, ilé ni fóònù rẹ̀ wà. Mùsùlùmí kì í sì í fi òkú falẹ̀. Bí Mahfuz, tó ti rí fọ́tò náà, ṣe dé, Humairah bú sẹ́kún nítorí ẹ̀rù. Mahfuz rò pé ẹkún ọ̀fọ̀ ló ń sun. Nígbà tó gbọ́ pé oko ni Ṣítù lọ, ó rán èèyàn lọ gbé òkú níbẹ̀, àmọ́ wọn kò pàdé Ṣítù lọ́nà; Mahfuz sì ki ṣọ́bìrì bọlẹ̀. Ìyá Ṣítù gbọ́, arúgbó náà ṣubú lulẹ̀ gbì.

Ṣítù wọlé bá a lórí ẹní. "Ìyá mi, èmi rè é."

Arúgbó náà bojú. "Má dà mí láàmú, ọmọ mi. Máa lọ, sùn re o."

Ṣítù yíjú sí Humairah. "Kí ni mo ṣe fún ẹ?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, fọ́tò yẹn ló wù mí."

"Fọ́tò wù ẹ́, kò burú! Nígbà tí wọ́n ń dárò mi ńkọ́? Wọ́n ní a kì í dákẹ́ ká ṣìwí. Ìwọ dákẹ́, o fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá mi!"

Wọ́n dí sàréè, arúgbó kò sì kú. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí Ṣítù bá fẹ́ lọ oko, ìyá rẹ̀ á di ẹ̀wù rẹ̀ mú, á máa sunkún pé kó má padà sábẹ́ ilẹ̀. Humairah ló máa ń tú ìka arúgbó náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin ọmọ, fọ́tò kò jẹ̀bi. Ẹni tó mọ òótọ́, tó dákẹ́ kí ayé lè máa wo òun, irọ́ ló pa.