Fítámì Tí Mo Kọ̀ Láti Tà

“Ìwọ olóògùn yìí, ṣé o fẹ́ sọ ìyá mi di olóògbé ni?”

Ohùn yẹn ti wọ ṣọ́ọ̀bù mi kí ẹni tó ni ín tó wọlé. Ọkùnrin gíga kan ni, ẹfun ìkọ̀wé kún ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀. Ó da páálí oògùn mẹ́ta sórí káúńtà mi.

“Ẹ kọ́kọ́ kí èèyàn ná,” mo dá a lóhùn. “Oògùn ni mò ń tà, n kì í ta ìwà.”

“Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà fún ìyá mi nìyí, ti oṣù mẹ́ta gbáko. Wọn ò fọwọ́ kan ẹyọ kan. Fítámì tí wọ́n ń rà lọ́dọ̀ rẹ ni wọ́n ń gbé mì láàárọ̀, òun náà ni lálẹ́. Lánàá, òòyì gbé wọn ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Ta ni ìyá yín?”

“Màmá Rebecca, tíṣà tó fẹ̀yìn tì.”

Oníbàárà mi pàtàkì ni Màmá. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi kọ́ ọmọ Ìjerò níwèé. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í wá béèrè fítámì C àti fítámì E. Wọ́n á ní ara àwọn dá ṣáṣá, èmi náà á máa yan.

“Wọn ò sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru.”

“Ṣé o bi wọ́n?”

N kò bi wọ́n. Èmi Àbíkẹ́, tí ẹnu mi kì í sinmi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í to páálí oògùn náà jọ.

Bí èmi àti Dúrótoyè, tíṣà sáyẹ́ǹsì, ṣe pàdé nìyẹn, nígbà tí Àkúrẹ́ ṣì jẹ́ olú ìlú ìpínlẹ̀ wa, tí àwọn tíṣà ṣì ń ti Ìjerò lọ síbẹ̀ lọ wá fáìlì tó sọnù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ọ̀tá tó bá mi sọ ọ́: ìwé mẹ́rin péré ni mo kà ní Ìlórò, ìlú mi. Ìwé pélébé tí wọ́n ń ká sínú páálí oògùn ni mo fi kọ́ ara mi ní òyìnbó, èmi àti díkíṣọ́nárì kan tí èèpo rẹ̀ ti já. Ohun tí n kò bá mọ̀, n kì í tijú láti béèrè. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín, kó máa fi mí ṣe.

Lọ́sẹ̀ kejì, Tíṣà padà wá. Ó ní òun wá bẹ̀bẹ̀ fún ariwo tí òun pa, pé ìyá òun ti ṣèlérí láti máa lo oògùn dókítà. Mo ní mo gbà, àmọ́ ẹ̀bẹ̀ kì í lọ lọ́wọ́ òfo: ọ̀rọ̀ gígùn kan wà lára ìgò fítámì E tí n kò rí nínú díkíṣọ́nárì mi.

“Áńtí-ọ́síídáńtì,” ó kà á, ó sì rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ uṣu.”

Mo rò pé ó ń ṣeré. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ewùrà kan wá, pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́ méjì àti ọ̀bẹ. Ó gé ewùrà náà sí méjì lórí káúńtà mi. Ó fún omi ọsàn sójú ọ̀kan, ó fi èkejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

“Kí la wá ń ṣe báyìí?”

“À ń dúró.”

A dúró. Ibi tí a ti ń dúró ni mo ti gbọ́ pé àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ sí Èkó, kò padà mọ́. Ibẹ̀ lòun náà ti gbọ́ pé mo ti lé ọkùnrin méjì tó ní kí n ti ṣọ́ọ̀bù mi pa kí wọ́n tó lè fẹ́ mi. Oníbàárà wọlé, oníbàárà jáde, a ò mọ̀. Nígbà tí a tún wo ewùrà, ojú èyí tí kò rí ọsàn ti dúdú. Èkejì ṣì mọ́ bó ṣe wà.

“Atẹ́gùn ló ṣe é bẹ́ẹ̀,” ó ní. “Atẹ́gùn tí à ń mí yìí náà. Ó ń ṣe inú ara bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó bá ń dènà rẹ̀ ni wọ́n fún lórúkọ gígùn yẹn. Ó wà nínú ọsàn, nínú ẹ̀fọ́, nínú epo pupa. Ẹni tó bá ń jẹ wọ́n dáadáa, fítámì inú ìgò kò fi bẹ́ẹ̀ kù fún un.”

“Ẹ fẹ́ ba ọjà mi jẹ́.”

“Òótọ́ ni mo fẹ́ bá ọ sọ.”

Mo mú ọsàn tó kù, mo fún un sójú ewùrà tó ti dúdú. A tún dúró. Kò padà funfun.

“Tó bá ti bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ ńkọ́?” mo bi í.

“Ìyẹn ti di iṣẹ́ dókítà.” Ó wò mí títí. “Mo fẹ́ràn ìbéèrè rẹ, Àbíkẹ́. Mo fẹ́ràn ẹni tó ń béèrè jù ú lọ.”

Láti ọjọ́ náà, ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lára bí omi ṣe ń wọ ilẹ̀ lẹ́yìn ọ̀dá. Ó ń pè mí ní “Olóògùn mi,” èmi ń pè é ní “Tíṣà mi.” Mo wá ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ra fítámì: kí ló ń ṣe yín, kí ni dókítà wí? Àwọn kan bínú lọ. Mo ní kí wọ́n máa lọ.

Bàbá Fáṣuyì, àbúrò bàbá rẹ̀, kò fẹ́ mi rárá. “Ọmọ tó jáde yunifásítì kò gbọdọ̀ mú oníwèé mẹ́rin wọ ulé wa.” Màmá ló gbèjà mi. “Àbíkẹ́ ló mọ ara mi. Tó bá ti wọlé, fítámì ò ní wọ́n mi mọ́.” Wọ́n dá ọjọ́ ìdána.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Mo lọ bá Màmá gbálẹ̀ yàrá ní ọjọ́ Sátidé kan, mo gbé bẹ́ẹ̀dì díẹ̀. Oògùn dókítà ló tò sábẹ́ rẹ̀, páálí lórí páálí. Wọn ò tíì ṣí ọ̀kankan.

“Màmá, kí ló dé?”

“Oògùn ni ti aláìsàn,” wọ́n ní. “Fítámì ni ti ẹni tó fẹ́ pẹ́ láyé. Èmi ò ṣàìsàn.”

“Màmá, ọdẹ tó ń ṣọ́ oko ni fítámì. Tí oko bá ti ń jóná, ọdẹ ò lè yìnbọn pa iná. N kò ní tà á fún yín mọ́, àfi tí ẹ bá ń lo ti dókítà.”

Wọ́n dìde lórí àga. “Ìwọ? Èmi tí mo kọ́ àwọn tó jù ọ́ lọ níwèé?”

Lọ́jọ́ kẹta, ẹbí pè mí. Dúrótoyè pàdé mi lẹ́bàá ọgbà, kò lè wo ojú mi.

“Ààyò mi, mo bẹ̀ ọ́, tà á fún wọn.”

“Ṣé ẹ mọ̀ pé wọn ò lo ti dókítà?”

“Mo mọ̀, ó ti pẹ́. Ìjà wọn ti sú mi. Jẹ́ ká ṣe ìdána ná, ká wá máa rọ̀ wọ́n lẹ́yìn náà.”

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Ẹni tó kọ́ mi ní òótọ́ ló ń bẹ̀ mí pé kí n gbé e pamọ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ síbẹ̀. Mo mọ̀ pé tí mo bá kọ̀, mo lè pàdánù rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

Nínú pálọ̀, Bàbá Fáṣuyì kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. “Ọmọ Ìlórò, kúnlẹ̀ bẹ ìyá ọkọ rẹ, kó o sì máa fún un ní ohun tó fẹ́.”

Mo kúnlẹ̀. “Màmá, tí ẹnu mi bá mú jù, ẹ forí jì mí. Ṣùgbọ́n n kò ní tà á.”

“Àbí o ò fẹ́ ọkọ mọ́ ni?”

“Mo fẹ́ ẹ, Bàbá. Mo fẹ́ ẹ débi pé ó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n n kò lè máa tan ìyá rẹ̀ jẹ kí n lè rí i fẹ́. Tó bá jẹ́ ọ̀nà ibẹ̀ nìyẹn, ẹ fi ìdána sílẹ̀.”

“Àbíkẹ́, jọ̀ọ́,” Dúrótoyè ní. “Tà á fún wọn. Nítorí tèmi.”

Màmá tó ti kẹ́yìn sí mi láti ìgbà tí mo wọlé yíjú padà. Èmi kọ́ ni wọ́n ń wò.

“Dúrótoyè, dìde dúró.”

Ó dìde.

“Ìwọ lo kọ́ sáyẹ́ǹsì. Fítámì tí mò ń gbé mì yìí, ṣé ó lè dípò oògùn dókítà?”

“Rárá, Màmá.”

“Ṣé o mọ̀ pé n kò lo ti dókítà?”

“Mo mọ̀.”

“O mọ̀, o sì ní kó máa tà á fún mi.”

Màmá nawọ́ sí mi, wọ́n gbé mi dìde. “Lọ bá mi mú oògùn yẹn wá, àti omi.”

Mo mú un wá. Wọ́n já páálí, wọ́n gbé ẹyọ kan mì lójú gbogbo wa, wọ́n dá ife padà fún mi. Wọ́n wá kọjú sí Bàbá Fáṣuyì.

“Ìyàwó yìí, mo ti gbà á,” wọ́n ní. “Ọkọ rẹ̀ ni n kò tíì gbà.”